Ta ló dáná sun ilé-ìkàwé Alẹkisáńdíríà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Alẹkisáńdíríà, ní Íjíbítì, lóṣù kìíní. Ó wù mí kí n rí àwókù ilé-ìkàwé ńlá tí àwọn Lárúbáwá dáná sun. Apá ibo nílùú ló wà, èló sì ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, kò sí àwókù kankan. Títí di òní, kò sí òkúta kan tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé ara ilé-ìkàwé náà ni. Ẹni tó bá ní òun á mú yín débẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ti iná yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí Kristẹni àti Mùsùlùmí á sì máa fi bú ara wọn. Wọ́n ní nígbà tí Amr ibn al-As, ọ̀gágun Lárúbáwá, gba ìlú náà, ní nǹkan bí ọdún 642, Káálífà Umar, olórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, ní kí wọ́n kó ìwé ibẹ̀ fún àwọn ilé ìwẹ̀, wọ́n sì fi gbé omi kaná fún oṣù mẹ́fà. Nǹkan bí ọdún 1200 ni ìtàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìwé, lẹ́yìn ohun tó lé ní 550 ọdún. Bẹ́ẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù kan wà, John ará Nikiu, tó kọ̀wé nípa ogun náà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kan náà. Inú bí i sí àwọn tó ṣẹ́gun, ó ka ibi tí wọ́n ṣe lẹ́sẹẹsẹ, kò sì dárúkọ ilé-ìkàwé.

Àwọn mìíràn á ní Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, ló dáná sun ún. Lóòótọ́, ó dáná sun ọkọ̀ ojú omi ní èbúté ní ọdún 48 ṣáájú ìbí Kristi, iná náà sì ràn dé orí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Strabo, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, gbé ìlú yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì ṣàpèjúwe ilé ńlá tí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ti ń jẹun pọ̀: ibùdó wọn ṣì wà nígbà náà.

Díẹ̀díẹ̀ ni ilé-ìkàwé náà kú. Ọba Ptolemy Kẹjọ lé àwọn ọ̀mọ̀wé jáde ní nǹkan bí ọdún 145 ṣáájú ìbí Kristi. Pápírọ́ọ̀sì, ìwé tí wọ́n ń fi koríko etí odò ṣe, kì í pẹ́ jẹrà nínú ọ̀rinrin etí òkun. Bí kò bá sí owó láti máa dà á kọ, ó ti lọ nìyẹn. Ogun Aurelian, ọba ńlá Róòmù, ba àdúgbò ààfin, níbi tí ilé-ìkàwé náà wà, jẹ́ lẹ́yìn ọdún 270. Ní nǹkan bí ọdún 391, àwọn Kristẹni wó tẹ́ḿpìlì Serapis, tí ìwé wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀sìn kan tí ẹ lè di gbogbo ẹ̀bi yìí rù.

Kom el-Dikka, àwókù àtijọ́ kan nínú ìlú náà, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bí ogún wà níbẹ̀, ìjókòó òkúta tò yí ògiri ká, ti olùkọ́ sì ga ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Wọ́n ṣì ń kọ́ni níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 500, nígbà tí àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀kọ́ ti kú tán nílùú náà. Ní Kom el-Shoqafa, ibojì abẹ́ ilẹ̀, ẹ ó rí Anubis, òrìṣà Íjíbítì olórí ajá, tí wọ́n gbẹ́ pẹ̀lú aṣọ ogun Róòmù lọ́rùn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ jìn. Ẹni tí orúnkún tàbí ọkàn bá ń yọ lẹ́nu, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Òpó tí wọ́n ń pè ní ti Pompey, Diocletian, ọba ńlá Róòmù, ni wọ́n gbé e dúró fún. Odi Qaitbay, tí wọ́n kọ́ ní 1477, wà níbi tí ilé-iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi dúró sí kí ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó o. Ilé-ìkàwé tuntun kan náà ti wà létí òkun láti ọdún 2002.

Bí ẹ bá jẹ́ Kristẹni, ọmọ ìlú yìí ni Àpólò inú Ìṣe Àwọn Àpósítélì. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ibẹ̀ ni sàréè al-Busiri wà, ẹni tó kọ Burda, ewì ìyìn Ànábì, tí àwọn àlùfáà wa ń ké.

Owó ìwọlé àti aago máa ń yí padà. Ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò nílé. Èmi kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì, n kò sì lè ṣe onídùúró físà fún ẹnikẹ́ni: ẹ bi ẹ́ḿbásì wọn ní Àbújá, ẹ má bi ẹni tó ń polówó lórí Facebook. Òjò àti ìjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀ lóṣù kìíní, oòrùn tí ẹ rí nínú fọ́tò, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ mú kóòtù dání.