Ṣé bí nọ́ńbà kóòdù bá ṣe pọ̀ tó ni àlébù ọmọ ṣe le tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi pé oṣù mẹ́ta. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní egungun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀ láti inú oyún, wọ́n sì kọ Q65.2 sí káàdì rẹ̀. Q65.0 ni wọ́n kọ fún ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn lẹ́yìn Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́ ní ti ọmọ mi ti dé ipele kejì, pé kí n gbé e wá kí òun máa bá a fa ẹsẹ̀ náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má gbé ọmọ yẹn lọ síbẹ̀. Inú mi ò dùn rárá nígbà tí mo ka ohun tí wọ́n sọ fún yín, nítorí ìyá mìíràn ti béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Kóòdù kì í ṣe òṣùwọ̀n. Nínú ẹ̀dà kẹwàá ìwé ìpínsísọ̀rí àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé (ICD-10), Q65 ni a fi sí gbogbo àlébù ìbàdí tí a bí mọ́ ọmọ. Bí orí egungun itan bá ti jáde pátápátá kúrò nínú ihò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, .0 ni, bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì,.1 ni, bí dókítà kò bá sì sọ iye ẹ̀gbẹ́ tó yẹ̀,.2 ni a óò kọ. Láti .3 dé .5 ni ti èyí tí kò jáde tán, .6 sì wà fún èyí tí kò tíì yẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dúró gírí. Ẹ wò ó dáadáa: .6 ga ju .0 lọ, síbẹ̀ àlébù tirẹ̀ ló fúyẹ́ jù. Àìkọsílẹ̀ ẹnìkan ni .2 yín ń fi hàn. Bí wọ́n bá kọ “ẹsẹ̀ òsì” síwájú àyẹ̀wò náà lónìí, Q65.0 ni a óò fi rọ́pò rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan egungun ọmọ. Nígbà tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá dé orí tábìlì mi, ńṣe ni mo máa ń dìde gbé e padà fún dókítà. Kò yẹ kí ó tọwọ́ wa jáde bẹ́ẹ̀.

Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera ni mí, n kì í ṣe dókítà, n kò sì rí ọmọ náà, nítorí náà n kò lè sọ ìtọ́jú tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì Pavlik, tó ń di ẹsẹ̀ ọmọ mú ní kíká àti ní yíyà kí orí egungun lè jókòó sínú ihò rẹ̀, a máa ṣiṣẹ́ jù lọ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹ padà lọ sọ́dọ̀ dókítà egungun ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹsẹ̀ kan ló yẹ̀ tàbí méjèèjì. Títí dìgbà náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, na ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí kí ó fi aṣọ dì í pọ̀ ní gbọọrọ.