Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ àti fíìmù ẹranko fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lókè òkun

Ìbéèrè: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Kánádà la wà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ. Ọ̀kan ti pé ọdún 7, èkejì pé 10. A ó wálé ní Disẹ́ńbà. Mo ń wá orin tí kò ní akọrin, ìlù àti ohun èlò nìkan, pẹ̀lú fíìmù ẹranko tí wọ́n lè máa wò kó tó dìgbà náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú gbogbo fíìmù tí mo rí. Dùndún tí mo sì gbé sí i, wọ́n ní ariwo ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọmọ títọ́, mà. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù yẹn ná. Tó bá jẹ́ fóònù ni, ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù kì í jáde dáadáa nínú sípíkà kékeré. Ṣaworo etí ìlù àti kànnàngó, ìlù kékeré olóhùn òkè, ló máa ń bo gbogbo rẹ̀, ariwo ló sì máa jẹ́ lóòótọ́. Ẹ so ó mọ́ sípíkà ńlá.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ìyáàlù ń sọ. Bí onílù bá fún ọsán, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, mọ́ra, ohùn a lọ sókè, mí nìyẹn. Bó bá dẹ̀ ẹ́, a wálẹ̀ sí dò. Rè wà láàárín. Ẹ kọ́kọ́ fi imú kùn ún fún wọn: igbá, rè-mí, igba, rè-rè, ìgbà, dò-dò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan orúkọ ẹranko: ìgalà, dò-rè-dò, òkété, dò-mí-mí. Ẹ̀gbọ́n á tètè rí i pé rè-rè ni erin, rè-rè náà sì ni ẹtu. Ẹkùn àti ẹfọ̀n, rè-dò ni méjèèjì. Ẹ má sáré kọjá níbí yìí, ibẹ̀ ló dùn jù. Ìdí nìyí tí onílù fi máa ń na ọ̀rọ̀ gùn, tó ń fi oríkì àti òwe lù. Ta ni yóò gbọ́ "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí" tí yóò rò pé ẹtu ni?

Àwo tí mo fara mọ́ jù ni Drums of the Yoruba of Nigeria, tí William Bascom gbà sílẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ agbáwojáde Folkways gbé jáde ní 1953. Ìgbìn, dùndún àti bàtá wà nínú rẹ̀, ìwé àlàyé sì bá a rìn. Orin kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó má sú wọn. Fún alẹ́, African Suite ti Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin, 1944: gòjé òyìnbó àti háàpù, kò sí ìlù kankan. Abala márùn-ún ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kẹ́yìn, Akinla, torí òun ló yá jù.

Ní ti fíìmù, ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Orin inú rẹ̀ ti máa ń sọ fún ọmọ pé kó bẹ̀rù kí ẹranko náà tó ṣe nǹkan kan, alálàyé sì ti gba orúkọ ẹranko lẹ́nu yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣàlàyé, ní Yorùbá, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ dá a dúró, kí ẹ bi wọ́n: kí ló ń jẹ? Kí ló ń sá fún? Ẹ má fi dùndún sábẹ́ fíìmù o. Wọn ò ní gbọ́ ìlù, wọn ò sì ní rí ẹranko.

Africa ti BBC, 2013, dára: apá mẹ́fà. Ẹ kọ́kọ́ dá apá kejì wò, torí ọmọ erin kan kú nínú ọ̀dá níbẹ̀. Ó lè wúwo fún ọmọ ọdún 7. Apá kẹta, igbó Kóńgò, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá délé, ọgbà ẹranko Old Oyo National Park ń bẹ ní àríwá ìpínlẹ̀ wa, ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ahoro Ọ̀yọ́ Ilé sì wà nínú rẹ̀. Ẹfọ̀n, ìgalà, ẹtu, ọ̀bọ àti ìjímèrè ni kí wọ́n mọ orúkọ wọn, kì í ṣe kìnnìún inú fíìmù. Ní ìgbà òjò koríko máa ń bo ẹranko mọ́lẹ̀. Disẹ́ńbà sàn, pàápàá láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọ̀yọ́ ni ọ́fíìsì àgbà wọn wà. Ẹ kàn sí wọn kí ẹ tó gbéra, kí ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí, kí ẹ sì gba ẹni tí yóò mú yín wọ inú igbó.