Ṣé lẹ́ńsì 50mm ni kí n rà láti fi ya ẹyẹ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́ńsì 70-300mm, èyí tó ń fa nǹkan tó jìnnà sún mọ́ni, ni mò ń lò lórí kámẹ́rà APS-C mi (irú èyí tí awo tó ń gba àwòrán nínú ẹ̀ kéré díẹ̀). Mo fi ya alángbá lára ògiri ilé wa ní Oǹdó, orí ẹ̀ hàn kedere àmọ́ ìrù ẹ̀ ṣe bàìbàì. Mo tún ya lékeléke, gbogbo igbó ẹ̀yìn ẹ̀ ló hàn gbangba, kò ṣe bàìbàì bí mo ṣe fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra 50mm f/1.8 (f ni bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń ṣí tó). Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, fowó ẹ pamọ́ jàre. 50mm yẹn dáa, òun ni mo fi ń ya ìyàwó lóde, àmọ́ ẹyẹ kì í dúró de èèyàn bí ìyàwó. Kí lékeléke tó tóbi nínú ẹ̀ bó ṣe ń tóbi nínú 300mm láti mítà 6, àfi kó o sún mọ́ ọn tó mítà kan, ṣé á wá dúró máa wò ẹ́ ni?

Ti alángbá, tó o bá wà ní mítà 3, tó o fa lẹ́ńsì dé 300mm ní f/5.6, ibi tó máa hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, 2 péré o! F/11 gan-an, bíi 4 ni. Torí náà má dúró ní ìkọ̀rọ̀, kọjú sí ògiri yẹn gbọnrangandan kí orí àti ìrù jìnnà sí ẹ bákan náà, kó o wá gbé focus sójú ẹ̀.

Ti ẹ̀yìn fọ́tò, ohun tó wà lẹ́yìn ẹyẹ ló ní láti jìnnà sí ẹyẹ. Mò ń ya ẹ̀gà kan lórí ọ̀pẹ l'Ọ́bà-Ilé, imọ̀ ọ̀pẹ ló kún ẹ̀yìn ẹ̀, mo ṣí lẹ́ńsì títí, ó kọ̀, mo kàn rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́rin sápá òsì mo lóṣòó, òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ló kù sẹ́yìn ẹ̀, ó rọ̀ bí òwú. Lẹ́ńsì kan náà, f/5.6 kan náà.

Má jẹ́ kí shutter ẹ (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí, tó ń yára pa dé) lọ sílẹ̀ ju 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá tó o bá fọwọ́ gbé e, tí ẹyẹ bá ń fò, 1/1000 sókè, kó o gbé ISO (èyí tó ń jẹ́ kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i) sókè, kò sí wàhálà. Lásìkò ọyẹ́, má wulẹ̀ ya nǹkan tó jìnnà, eruku lo máa yà.

Tówó bá ṣì ń yún ẹ lọ́wọ́, da ìrẹsì sí àpò kékeré kan, rán an pa, gbé e lé fèrèsé ọkọ̀, kó o gbé lẹ́ńsì lé e kó má bàa máa gbọ̀n. Ìrẹsì o, ẹ̀wà ni mo dà sí tèmi, kòkòrò ti lù ú dàyẹ̀fun kí n tó mọ̀.