Ta Ló Ń Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọ Kọ̀ǹpútà Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mayfair níbí n'Ífẹ̀, mo ń bá àwọn ọmọ Yunifásítì tẹ project, mo ń ṣe photocopy, mo ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó pẹ̀lú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà mi ti ń ṣe bákan ṣá. Mi ò ní fọwọ́ kàn án o, fáànù inú ẹ̀ á máa hó bí ẹ̀rọ ìlọta, dátà tí mo máa ń rà lò fún oṣù kan ò tó ọ̀sẹ̀ kan lò mọ́. Lọ́jọ́ Tuesday tó lọ, mo jókòó síwájú ẹ̀ mò ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi, mo kàn rí i tí máòsì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra ẹ̀, ó rìn lọ sórí Chrome, ó ṣí i, mo pariwo mo fa wáyà iná yọ. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní backdoor ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Ó dáńlóòdù antivirus ọ̀fẹ́ kan, ó fi scan, ó ní kò rí nǹkan kan. Ṣé ká máa bá iṣẹ́ lọ ni? Báwo ló tiẹ̀ ṣe rí ọ̀nà wọlé, èmi tí mi ò kí ń wo ìwòkuwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì?
Oníṣọ́ọ̀bù, Mayfair, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ kú ewu. Kẹ́ ẹ tó ka ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà yẹn ò gbọdọ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Bẹ́ ẹ bá máa tàn án, ẹ kọ́kọ́ pa hotspot tàbí router, bó bá sì jẹ́ wáyà ló so ó mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fà á yọ. Iná tẹ́ ẹ yọ yẹn dáa, ó kàn jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé ni, torí ẹni tó ń ti máòsì yín kiri yẹn kò sí ní Mayfair, bóyá kò tiẹ̀ sí ní Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló fi ń rí yín. Kí ẹnì kan má sì sọ fún yín pé touchpad ló lómi. Touchpad tó lómi máa ń mú máòsì fò káàkiri, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí Chrome wà. Ẹ kàn bi ọmọ yín bóyá òun ló fi AnyDesk tàbí TeamViewer sórí ẹ̀, torí àwọn yẹn máa ń jẹ́ kí ẹlòmíì darí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, wọn kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Tó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn.

Ẹ rántí àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní Mọ̀ọ̀rẹ̀ àti Ìrẹ̀mọ. Ilẹ̀kùn iwájú ní àgádágodo, bàbá àgbà sì jókòó síbẹ̀ tó ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, tẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n á gbà wọlé gbà jáde tí bàbá ò ní mọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Páswọ́ọ̀dù yín ni ilẹ̀kùn iwájú. Backdoor ni ilẹ̀kùn tí ẹlòmíì dá sí ẹ̀yìnkùlé yín, kò nílò páswọ́ọ̀dù yín rárá.

Fáírọ́ọ̀sì ayé àtijọ́ á ba fáìlì jẹ́, á pariwo, ẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó ti dé. Eléyìí ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Lọ́dún 1998, àwọn hacker kan l'Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Cult of the Dead Cow gbé ọ̀kan jáde, wọ́n pè é ní Back Orifice, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han ayé bí Windows ìgbà náà ṣe ṣí sílẹ̀ tó. Tiwọn á jókòó sórí port 31337 (port ni ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀), á máa retí ẹni tó máa wá kan ilẹ̀kùn. Púpọ̀ nínú ti òde òní gbọ́n ju ìyẹn lọ, kì í dúró kí wọ́n wá kàn án, òun fúnra ẹ̀ ló ń pe ọ̀gá ẹ̀ síta: "mo wà ńbí o, kí ni kí n ṣe?" Firewall tó ń ṣọ́ àwọn tó ń wọlé kì í sábà bi ẹni tó ń jáde ní ìbéèrè, ìdí nìyẹn tí kò fi bá yín dí i.

Ó wá ku bó ṣe wọlé. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ ní ẹ̀ ẹ́ kì í wo ìwòkuwò, mo gbà, ṣùgbọ́n CorelDRAW tẹ́ ẹ fi ń ṣe ìwé ìpè yẹn ńkọ́, ẹ rà á ni àbí wọ́n bá yín fi crack sí i, èyí tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìsanwó? Ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ torí èmi náà ti ṣe é rí nígbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágẹ̀ẹ́rẹ́. Mo dáńlóòdù crack kan, ìwé kékeré kan wà nínú folder ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó kọ síbẹ̀ ni pé kí n pa antivirus, èkejì ni pé kí n lọ sínú Windows Security, kí n fi folder náà sí Exclusions. Mo sì ṣe é ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé bí ọmọ tó gbọ́ràn! Olè ní kí n so ajá mi mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, mo sì mú okùn mo so ó. Exclusions yẹn túmọ̀ sí pé kí Defender, antivirus tó bá Windows wá, má yẹ ibẹ̀ wò mọ́ láéláé, crack á ṣiṣẹ́ dáadáa, CorelDRAW á ṣí, inú yín á dùn, nǹkan kejì tó bá a wọlé á sì fi orúkọ ara ẹ̀ sára àwọn ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà jí láràárọ̀.

Tí kì í bá ṣe crack, ẹ wo fáìlì táwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́. Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pa mọ́, tí ẹnì kan bá fi "chapter3.pdf.exe" ránṣẹ́, "chapter3.pdf" lẹ máa rí, àmì PDF pupa náà á tún wà lára ẹ̀, ẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ṣí nǹkan kan, ẹ̀ẹ́ ní fáìlì ọmọ yìí ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o, ó ti ṣe iṣẹ́ tó bá wá. Nínú File Explorer, ẹ lọ sí View, ẹ wá "File name extensions", ẹ fi àmì sí i, ojú yín á là.

Ẹ̀kẹta ni update tẹ́ ẹ ń sá fún torí dátà. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft dí ihò kan, oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry gba ihò yẹn wọ kọ̀ǹpútà àwọn tí ò tíì gba update káàkiri ayé, ó sì ń lo backdoor kan tó ń jẹ́ DoublePulsar láti fi ráyè. Tó bá jẹ́ Windows 10 lẹ ṣì ń lò, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń gbà tán lórí ẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀ ń ṣe ojo o, pé ẹ kíyè sí fáànù. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, òṣìṣẹ́ Microsoft kan tó ń jẹ́ Andres Freund ló kíyè sí i pé SSH, ohun tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó tọpasẹ̀ ẹ̀, ló bá bá backdoor tí wọ́n ti rọra fi sínú XZ, ohun èlò kan tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux dípò Windows. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lásán!

Ẹ ní antivirus ò rí nǹkan kan. Báwo ló ṣe fẹ́ rí i? Ẹ fi kọ̀ǹpútà tí olè ti gbà dáńlóòdù ẹ̀, ẹ tún tan Windows tí olè wà nínú ẹ̀, ẹ wá ń bi í pé ṣé olè wà nílé.

Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Fóònù yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, pẹ̀lú dátà fóònù, kẹ́ ẹ fi yí páswọ́ọ̀dù email yín, lẹ́yìn náà ti báńkì, lẹ́yìn náà Facebook àti ìyókù. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà yẹn yí i o, torí ó lè máa kọ gbogbo bọ́tìnì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sílẹ̀, páswọ́ọ̀dù tuntun lẹ kàn fi ta á lọ́rẹ yẹn. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí "sign out of all devices", ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì lọ sínú WhatsApp, sí Linked devices, kẹ́ ẹ yọ kọ̀ǹpútà yẹn kúrò. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé èyí, olè tó ti jí àmì pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀ kò nílò páswọ́ọ̀dù. Bẹ́ ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà yẹn wo owó yín, ẹ pe báńkì lónìí.

Kọ̀ǹpútà ló wá kàn. Ẹ lọ sínú Windows Security, ẹ ṣí Exclusions, ẹ yọ ohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Scan options, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ offline scan sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà á pa ara ẹ̀, á tún tan, á yẹ inú wò kí Windows tó jí, kí olè tó ráyè sá pa mọ́, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí ẹni tó ń pè síta, "netstat -ano" wà ní Command Prompt, nọ́ńbà tó wà níparí ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ máa lọ wá nínú Task Manager. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀ẹ́ tún so íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó rí nǹkan, Chrome àti Windows fúnra wọn sì ń pè síta dáadáa, mi ò rò pé ẹ nílò wàhálà yẹn.

Ká tiẹ̀ ní offline scan rí nǹkan tó sì pa á, èmi ò ní fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ti ń wọlé yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilẹ̀kùn mélòó ló ti dá? Ẹ fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Ẹ kó ìwé Word, PDF àti fọ́tò yín jáde, ẹ má kó ohunkóhun tó parí sí .exe, ẹ má kó folder crack yẹn láéláé. Ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà míì tó mọ́, ẹ dáńlóòdù Windows látọ̀dọ̀ Microsoft fúnra wọn sórí flash 8GB, nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń fi í sí i, ẹ pa gbogbo partition, ìyẹn àwọn ìpín, tó wà lórí disk rẹ́. Ẹ má gbé e lọ bá àwọn tó ń fi Windows kan náà tí wọ́n ti crack fọ́ọ̀mátì gbogbo ìlú, ẹ ò lè lé olè jáde kẹ́ ẹ tún gba ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sílé. Ẹ yẹ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù wò bákan náà. Ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ ṣí account tiẹ̀ fún un, èyí tí kì í ṣe administrator, kó má lè fi nǹkan síbẹ̀ láìbi yín. Ní ti CorelDRAW, Inkscape wà, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ṣe ìwé ìpè, ẹ kàn máa bínú sí i fún bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Mo lọ print níta, nígbà tí mo délé gbogbo fáìlì orí flash mi ti di shortcut. Project mi wà níbẹ̀, ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e fún supervisor. Ṣé ó ti lọ nìyẹn?
Akẹ́kọ̀ọ́, Parakin

ÌDÁHÙN: Fọkàn balẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi pa mọ́ ni. Má tẹ shortcut kankan, òun gan-an ló ń tan nǹkan burúkú yẹn sórí kọ̀ǹpútà, tó o bá sì ti tẹ̀ ẹ́, ìdáhùn tí mo fún àǹtí òkè yẹn kan ìwọ náà. Fi Defender scan flash náà, kó pa ohun tó bá rí, lẹ́yìn náà ṣí Command Prompt kó o kọ: attrib -h -r -s /s /d E:\*.* kó o tẹ Enter. Lẹ́tà tí flash tìẹ bá ń jẹ́ ni kó o fi rọ́pò E. Kó project rẹ sórí kọ̀ǹpútà, kó o fọ́ọ̀mátì flash. Tó o bá sì fẹ́ print lọ́la, fi email ránṣẹ́ sí wọn, jọ̀ọ́, má gbé flash yẹn lọ sí Mayfair.