Lẹ́tà Kámẹ́rà Dé: Kí Ni Kí N Fi Fèsì?

Láti Ìlú Ọba, ìbéèrè lórí tíkẹ́ẹ̀tì eré àsápajúdé kò tán nínú àpò lẹ́tà wa. Ti àwọn tó ń rí irú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ la kó jọ síbí. Òfin England àti Wales la fi dáhùn. Kí ará Scotland má fi ṣe ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí ìlànà ibẹ̀ yàtọ̀ láwọn ibì kan.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Lẹ́tà ọlọ́pàá dé sílé mi lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní ọkọ̀ mi sá máìlì 38 ní wákàtí kan níbi tí 30 ti jẹ́ òpin. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ ọ́ nù, pé mi ò buwọ́ lùwé gbà á, ta ni yóò jẹ́rìí pé ó dé? — Àǹtí kan, Leeds

Ẹ má sọ ọ́ nù o. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ọ̀rẹ́ yín kò ní bá yín dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ọkọ̀, òfin gbà pé ó dé, àfi tí ẹ bá lè fẹ̀rí hàn pé kò dé.

Ohun méjì ló sábà máa ń wà nínú àpòòwé kan ṣoṣo yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà. Èkíní ń sọ fún yín pé ẹ̀sùn ń bọ̀. Èkejì jẹ́ fọ́ọ̀mù tó ń béèrè pé ta ló wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò tíì ní kí ẹ sanwó, wọn ò sì tíì bi yín bóyá ẹ jẹ̀bi. Abala 172 nínú òfin ìrìnnà ọdún 1988 ló fún wọn láṣẹ láti béèrè ta ló wà á, ọjọ́ 28 ni ẹ sì ní láti fi dáhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn gan-an ni wọn yóò fi gbé e lọ sí kóòtù: pọ́ìntì 6 (àmì ìjìyà tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ńsì) àti owó ìtanràn tó lè tó £1,000. Eré tó fa gbogbo rẹ̀ rèé, pọ́ìntì 3 àti £100 ni ì bá jẹ́. Kóòdù MS90 ni wọ́n ń kọ fún ìdákẹ́ lórí láísẹ́ńsì, àwọn oníṣọ́ránsì kì í sì í fojúure wò ó.

Ẹ wá wo ọjọ́. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà ló mú ọkọ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 14, láì ka ọjọ́ tí wọ́n sá eré náà mọ́ ọn. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò lè dá yín lẹ́bi eré náà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó. Bí ẹ bá ti kó kúrò nílé tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò sọ fún DVLA, àjọ tó ń tọ́jú ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́ńsì, ọ̀dọ̀ yín ni àṣìṣe wà. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tàbí èyí tí ẹ háyà, àwọn tó ni ín ni ọjọ́ 14 kàn. Tiyín lè dé lẹ́yìn oṣù méjì kó ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá sì pẹ́ lóòótọ́ pàápàá, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó wa ọkọ̀. Ẹ pa àpòòwé mọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ tó dé sí i lára.

Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà lórí láísẹ́ńsì gẹ́lẹ́, nọ́ńbà láísẹ́ńsì àti ọjọ́ ìbí, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Fọ́ọ̀mù tí wọn ò buwọ́ lù, bíi pé ẹ ò fèsì rárá ni. Ẹ ya fótò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lẹ àpòòwé. Tí ẹ bá dé kàǹtà ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé ẹ fi í ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni.

Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń wa ọkọ̀ kan. A ò rántí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti ní pọ́ìntì 9, òun ò gba tíkẹ́ẹ̀tì rí. Ṣé kí a kúkú kọ orúkọ tirẹ̀? — Bàbá Ìbejì, London

Bí òun kọ́ ló wà á, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ́. Irọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀wọ̀n ló wà níwájú rẹ̀. Chris Huhne tó ti ṣe mínísítà, àti Vicky Pryce tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n rán àwọn méjèèjì lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ ní 2013, nítorí pọ́ìntì tí ìyàwó bá ọkọ gbé ní 2003. Ọdún mẹ́wàá ló fi sùn kó tó jí. Ní January 2019, Fiona Onasanya tó ń ṣojú Peterborough nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta nítorí irọ́ lórí ẹni tó wa ọkọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò rántí lóòótọ́, iṣẹ́ ìwádìí wà fún yín láti ṣe. Ẹ kọ́kọ́ béèrè fótò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ fi dá awakọ̀ mọ̀. Ẹ má gbójú lé e jù: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń yà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àkọsílẹ̀ báǹkì (ta ló ra epo lọ́jọ́ yẹn, níbo?), àkókò iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì, àti ibi tí fóònù sọ pé ẹ wà ní aago tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà. Nígbà púpọ̀, fóònù ló máa ń yanjú ẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ ò bá yọrí sí nǹkan, ẹ kọ lẹ́tà kún fọ́ọ̀mù, ẹ dárúkọ ẹni méjèèjì pẹ̀lú àdírẹ́sì, kí ẹ to gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe láti mọ̀ ọ́n. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó sapá tí kò rí i mọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn yín ni ẹ̀rí ìsapá náà wà. "Mi ò rántí" nìkan ò tó.

Pọ́ìntì 9 tí ẹ sọ yẹn, tí 3 bá kún un láàárín ọdún mẹ́ta, ó di 12, kóòtù sì lè gba láísẹ́ńsì fún oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ wá lọ́yà báyìí.

Wọ́n ní mo lè lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí eré sísá, tàbí kí n san £100 kí n sì gba pọ́ìntì 3. Èwo ló dára? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Milton Keynes

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Owó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí £100, ó kàn yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n kò ní pọ́ìntì. Pọ́ìntì 3 máa ń wà lórí láísẹ́ńsì fún ọdún mẹ́rin, àwọn oníṣọ́ránsì sì sábà máa ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni owó gidi ń bá lọ.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni wọ́n ń fún láyè yìí. Níbi tí òpin jẹ́ 30, ẹni tó sá 35 sí 42 ni. Níbi tó jẹ́ 40, 46 sí 53. Lórí títì márosẹ̀ tó jẹ́ 70, 79 sí 86. Ẹni tó sì ti gbà á lórí eré mìíràn láàárín ọdún mẹ́ta kò lè tún gbà á. Ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá ni fífúnni wà, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Kò sí ìdánwò níbẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀pọ̀ ti ń gbà á. Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ ni pé wọ́n wọlé pẹ́, wọ́n pa kámẹ́rà kọ̀ǹpútà, tàbí wọ́n fẹ́ máa gbọ́ ọ nídìí ọkọ̀. Wọn yóò yọ ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò, ó sì lè pàdánù owó tó san. Tí oníṣọ́ránsì bá béèrè ní tààrà bóyá ẹ ti gba irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má purọ́.

Wọ́n ní mo sá 38 níbi tí òpin jẹ́ 30, ṣùgbọ́n agogo eré ọkọ̀ mi ò kọjá 33. Kámẹ́rà náà kì í ṣe aláwọ̀ ìyeyè, ẹ̀yìn igi ló fara pamọ́ sí. Mo fẹ́ bá wọn fà á. — Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, Birmingham

Ẹ jọ̀ọ́, 33 náà ti ju 30 lọ. Ẹ ti jẹ́wọ́ nínú lẹ́tà yín.

Òfin ò gba kí agogo ọkọ̀ ka eré kéré sí bó ṣe jẹ́ gan-an. Kíkà á pọ̀ jù ló fàyè gbà. Nítorí náà, agogo tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í fi 33 hàn nígbà tí ọkọ̀ ń sá 38. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ táyà sí èyí tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, agogo lè máa tan yín, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yọ yín nínú ẹ̀bi. Àwọ̀ kámẹ́rà àti igi kò ba ẹ̀sùn jẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ béèrè fótò wò ná. Kámẹ́rà Gatso máa ń ya méjì, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá láàárín wọn, ìlà funfun kéékèèké sì wà lójú títì láti fi yẹ ẹ̀rọ wò. Ọkọ̀ tó ń sá 30 yóò rìn bíi mítà 6.7 láàárín fótò méjèèjì. Èyí tó ń sá 38, bíi 8.5. Ẹ ka ìlà tí táyà fi kọjá. Tí kò bá bá ohun tí wọ́n kọ mu, ẹjọ́ wà lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Ohun mìíràn tó lè dúró ní kóòtù: ẹlòmíràn lẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín mọ́ tirẹ̀, lẹ́tà pẹ́ ju ọjọ́ 14, tàbí kò sí àmì tó tọ́ lójú ọ̀nà. Lórí àmì yìí, ẹ ṣọ́ra. Títì tó ní iná ojú pópó láìsí àmì kankan, 30 ni òpin rẹ̀ ní England; ní Wales ó ti di 20 láti September 2023.

Tí ẹ bá kọ̀ láti san £100 náà, àyè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà lọ nìyẹn. Ìwé kóòtù yóò dé, ọjọ́ 21 sì ni ẹ ní láti sọ bóyá ẹ jẹ̀bi. Ẹni tó ń gba £500 lọ́sẹ̀ lẹ́yìn owó orí, tó sá 38 nínú 30, tó sì pàdánù ẹjọ́, ìdajì owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni ìtanràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti, ìyẹn £250. Wọn yóò fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kún un, £100 nìyẹn, kí owó ẹjọ́ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó wọlé. Láìsí fótò tó gbè yín, a ò rí ìdí tí ẹ fi máa gbé e dé kóòtù.

Ó di oṣù márùn-ún báyìí tí mo yege ìdánwò ọkọ̀. Ṣé tèmi yàtọ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́, Cardiff

Ó yàtọ̀ gan-an. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, pọ́ìntì 6 ti tó láti fagi lé láísẹ́ńsì. Ẹ óò padà sí ti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ óò sì tún ṣe ìdánwò méjèèjì. Pọ́ìntì tí ẹ gbà nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ ọkọ̀ pàápàá ń kà, bí kò bá tíì kúrò. Nítorí náà, ẹ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fún yín. Lẹ́tà tí ẹ bá sì gbàgbé sórí tábìlì burú ju eré náà lọ: pọ́ìntì 6 MS90 yẹn gbé láísẹ́ńsì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló dá mi dúró lójú ọ̀nà nítorí eré, ó sì fi ẹnu kìlọ̀ pé wọ́n lè pè mí lẹ́jọ́. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà ò dé. Láísẹ́ńsì Nàìjíríà ni mò ń lò. — Nọ́ọ̀sì, Kent

Ìkìlọ̀ tó fi ẹnu ṣe fún yín ti rọ́pò lẹ́tà, nítorí náà ọjọ́ 14 kò kàn yín. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní láti fi gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Ti láísẹ́ńsì Nàìjíríà, DVLA yóò ṣí àkọsílẹ̀ lórúkọ yín, ibẹ̀ ni pọ́ìntì yóò sùn sí, yóò sì bá yín nígbà tí ẹ bá gba ti ibí.

Ẹ ka oṣù tí ẹ ti ń gbé níbẹ̀. Oṣù 12 péré ni òfin fi gba olùgbé láyè láti fi láísẹ́ńsì Nàìjíríà wakọ̀. Tí ẹ bá ti kọjá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá yín dúró, ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì àti ìnṣọ́ránsì ti wọ̀ ọ́, ó sì wúwo ju eré lọ. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lónìí, kí ẹ rí lọ́yà kí lẹ́tà tó dé.