Ẹ̀yin Ń Béèrè, Àwa Ń Dáhùn: Ìyá Wà Lókè Òkun, Ọmọ Wà Ní Iléèwé Tuntun

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ti wà lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn láti oṣù kẹsàn-án. Èkó ló ti ń kàwé tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láràárọ̀ ló ń sọ pé inú ń run òun, á dì mọ́ mi lẹ́nu géètì, ó sì ti tún ń tọ̀ sílé, ohun tó ti fi sílẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rin. A ń sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láìpẹ́, kò gbọ́. (Ìyá Àgbà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Màmá. Ìyá, ilé àti ọ̀rẹ́ ló bọ́ mọ́ ọmọ yìí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má kà á sí agídí.

Ọ̀rọ̀ "ó ń bọ̀ láìpẹ́" yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀. Létí ọmọ ọdún méje, ọ̀la tàbí ọ̀túnla ni "láìpẹ́". Bí ọ̀túnla bá kọjá tí kò rí ìyá rẹ̀, á gbà pé ọ̀rọ̀ àgbà kò ṣeé gbára lé. Bí ẹ bá wá sọ lẹ́nu géètì pé ẹ óò padà wá mú un, kò ní gbà yín gbọ́. Ìdí tó fi ń dì mọ́ yín nìyẹn. Ẹ sọ òótọ́ fún un: "Ìlú òyìnbó ni màmá ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Kò ní tíì dé ní Kérésì yìí. Lọ́jọ́rú àti ní Sátidé, á máa pè ẹ́." Ẹ fi báírò yí àwọn ọjọ́ ìpè náà ká lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ má sì ṣèlérí pé òun náà máa tó wọ bàálù lọ bá a. Bí ó bá jẹ́ láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni ìyá rẹ̀ béèrè físà òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, òfin ibẹ̀ kò gbà kó mú ọmọ tẹ̀ lé e lórí físà náà.

Lẹ́nu géètì, ẹ dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ pé: "Bí ẹ bá ti kọrin ìparí tán, èmi lo máa rí." Kí tíṣà tó ti mọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ má yọ́ lọ nígbà tí kò wojú yín o. Lọ́jọ́ kejì, ṣe ni yóò máa ṣọ́ yín. Fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, ẹ máa dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó jáde.

Ní ti inú rírun, ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó ń wá láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé, tí kò sí ní Sátidé, ìbẹ̀rù ló sábà máa ń fà á. Kì í ṣe irọ́. Inú ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já a máa run ún lóòótọ́. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀, kí ẹ mú un lọ. Bí ẹ bá ń fi í sílé nítorí rẹ̀, ọjọ́ kejì á le jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná, tó ń bì, tó ń rù, tàbí tí ìrora ń jí i lóru, ilé ìwòsàn ni. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó fún un lóògùn ibà.

Ẹ béèrè ohun kan tí àgbà kì í sábà rántí: ṣé ó ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé? Ọmọ tuntun tí ojú ń tì láti tọrọ àyè, tàbí tó ń kórìíra ìdọ̀tí ibẹ̀, a máa dá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró títí wọ́n á fi jáde. Ìyẹn nìkan tó láti fa inú rírun. Ìgbẹ́ tó bá gan a sì máa ti àpò ìtọ̀, kí ó tó di pé ó tọ̀ sílé lóru. Àwọn mìíràn kì í mumi ní iléèwé rárá, wọ́n á wá mu ún ní àmutẹ́rùn lálẹ́. Ẹ bá a débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi tíṣù sínú báàgì rẹ̀.

Kó máa mumi dáadáa lọ́sàn-án, kó dín in kù ní wákàtí méjì kó tó sùn, kó sì tọ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Ẹ má fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ẹ má sá ẹní rẹ̀ síta fún ará ilé wò. Ìtìjú a máa mú un pọ̀ sí i. Bí ìtọ̀ bá ń ta á, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ bá dókítà.

Ẹ rí tíṣà rẹ̀ lọ́sàn-án, kì í ṣe láàárọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n dé nínú ìwé: ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ń kọ lẹ́tà pọ̀ mọ́ra níbẹ̀, tí òun ṣì ń kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi í jókòó ti ọmọ tí ilé wọn kò jìnnà sí tiyín. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ti tó bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Manchester ni mo wà, ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iléèwé. Bí mo bá pè é lórí fídíò, á kí mi, á sì sá lọ. Ṣé ó ti ń gbàgbé mi ni? (Ìyá Ọmọ)

ÌDÁHÙN: Rárá o. "Ṣé o jẹun? Ṣé o kàwé?" ti jọ ìdánwò létí rẹ̀. Ẹ ní kó fi ìwé nóòtù rẹ̀ hàn yín, kí ẹ jọ ka ojú ìwé kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ bẹ bàbá rẹ̀ kó má máa fi àkókò yẹn rojọ́ ọmọ. Ọmọ tó mọ̀ pé ẹjọ́ ń dúró de òun yóò sá fún fóònù. Ẹ ṣọ́ aago pẹ̀lú. Láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di èyí tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago yín bá ti Nàìjíríà dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, Nàìjíríà á fi wákàtí kan ṣáájú, aago méje alẹ́ yín á di mẹ́jọ lọ́dọ̀ rẹ̀, oorun á ti ń kùn ún. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ òru bá mú yín, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp kó gbọ́ kó tó sùn. Kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí iléèwé tuntun náà, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ dárúkọ ẹni méjì tó lè wá mú un bí bàbá rẹ̀ kò bá sí nítòsí.