Kọ̀ǹpútà: ènìyàn ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: olùkọ́ ní kí ọmọ kọ ìtumọ̀ “kọ̀ǹpútà” wá láti ilé, ó sì ti sọ fún wọn ní kíláàsì pé lẹ́tà mẹ́jọ ló wà nínú COMPUTER, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló dúró fún ọ̀rọ̀ kan. Òbí ọmọ náà ń béèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá nǹkan kan náà ni “ayárabíàṣá” tí àwa Yorùbá ń pè é ń sọ.

Irọ́ ni. Kò fìgbà kan jẹ́ òótọ́ rí. Inú máa ń bí mi tí mo bá ti gbọ́ àlàyé yẹn, torí èmi náà kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ní ká kọ́ ọ sórí, a sì ń ké e bí orin. Ńṣe lẹnì kan jókòó, ó wá ọ̀rọ̀ mẹ́jọ tó bá lẹ́tà mẹ́jọ mu, ó tò wọ́n, ó pè é ní ìtumọ̀. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí “àga” tàbí “ìgbálẹ̀” tó bá wù yín. Ṣé ibẹ̀ wá ni orúkọ wọn ti ṣẹ̀ wá ni?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni kí ẹ fi dá olùkọ́ náà lóhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa á bí ìkìlọ̀ lásán, pé kí tálákà má sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ọlọ́lá. Ó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ilé ti wà kí ọmọ tó dé, iṣẹ́ ilé náà ti wà, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ti wà, inú gbogbo ìyẹn lorúkọ ti ń jáde. Ẹ bá mi wo ilé tí wọ́n bí ẹ̀rọ yìí sí. Ènìyàn ló kún ibẹ̀, àwọn ènìyàn náà ló sì ń jẹ́ “computer”. Láti ọdún 1613, ó kéré tán, ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ara ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí “ṣírò” ni wọ́n sì ti fà á yọ. Oníṣirò ni. Orúkọ iṣẹ́ ni, bí alágbẹ̀dẹ, bí akọ̀wé.

Ní ọdún 1766, ìwé àwọn atukọ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní Nautical Almanac bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nevil Maskelyne, onímọ̀ ìràwọ̀, ló ń bójú tó o. Inú rẹ̀ ni atukọ̀ ti ń wo bí òṣùpá ṣe máa jìnnà sí ìràwọ̀ kan ní wákàtí báyìí, kó lè mọ ibi tí òun wà lójú agbami. Ta ló ń ṣírò rẹ̀? Àwọn oníṣirò tó jókòó sílé ara wọn ni, pẹ̀lú yíǹkì, bébà àti ìwé àtẹ ìṣirò. Maskelyne máa ń gbé iṣẹ́ oṣù kan náà fún ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kẹta á wá fi èsì méjèèjì wéra. Tí wọ́n bá yàtọ̀ síra, a jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣì í. Méjì nínú wọn wá lọ ń da iṣẹ́ ara wọn kọ! Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, Maskelyne sì lé wọn. Mary Edwards náà wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀, John, ni owó fi ń jáde, bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìgbà tí ọkọ kú ní 1784 ni wọ́n tó ń gbé iṣẹ́ fún un lórúkọ ara rẹ̀.

Ṣáájú wọn, ní Paris, Nicole-Reine Lepaute àti Lalande, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, ti jókòó ti ìṣirò ìràwọ̀ onírù Halley fún bí oṣù mẹ́fà, láti àárọ̀ dalẹ́, nígbà mìíràn lórí oúnjẹ pàápàá, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó máa padà wá ní 1759. Clairaut, onímọ̀ ìṣirò tó darí iṣẹ́ náà, yọ orúkọ obìnrin yìí kúrò nínú ìwé tó kọ lẹ́yìn náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1936 ló kọ àpilẹ̀kọ tí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní dúró lé lórí. Nínú rẹ̀, ó ní ohun tí “computer” máa ṣe nígbàkígbà wà lọ́wọ́ àmì tó ń wò àti “ipò ọkàn” rẹ̀. Ẹ̀rọ wo ló ní ọkàn ní 1936? Ọ̀rọ̀ tó fi rọ́pò orúkọ náà ni “he”, tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọkùnrin, kò lo “it” tí wọ́n ń lò fún nǹkan. Ibí yìí ni èdè wa ti lè ṣì wá lọ́nà, torí “ó” là ń lò fún ènìyàn, “ó” náà là ń lò fún òkúta. Tí a bá túmọ̀ gbólóhùn yẹn sí Yorùbá láìfura, ènìyàn inú rẹ̀ á pòórá. Ẹni tó jókòó ti bébà ni Turing ń wò, bébà tí wọ́n fàlà sí ní ojúlé-ojúlé bí ìwé ìṣirò ọmọdé. Ohun tí ẹni yẹn ń ṣe ló wá ń ro bí ẹ̀rọ ṣe lè ṣe é.

Ogun Àgbáyé Kejì ni orúkọ náà ti kọjá sára irin. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó mọ ìṣirò jọ sí Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà láti máa ṣírò ọ̀nà tí ọta àgbá máa gbà lójú òfuurufú. “Computer” ni orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n fún. Ọ̀nà ọta kan ṣoṣo lè gba ẹnì kan ní wákàtí 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1946 ni wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà láàárín ìdajì ìṣẹ́jú han aráyé, ENIAC. ENIAC yìí ni àkékúrú tòótọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ló dúró fún nǹkan. C tó gbẹ̀yìn, “Computer” ló dúró fún. Wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sọ ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Mẹ́fà nínú wọn ni wọ́n yàn pé kí wọ́n máa to iṣẹ́ fún ẹ̀rọ náà: Kay McNulty, Betty Jennings, Betty Snyder, Marlyn Wescoff, Fran Bilas àti Ruth Lichterman. Kò sí ìwé ìlànà kankan nílẹ̀. Àwòrán bí wáyà ṣe so mọ́ra ni wọ́n fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1980, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kathy Kleiman, rí wọn nínú àwòrán ENIAC, ó béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn tí wọ́n kàn fi ṣe ẹwà ni, bí obìnrin tó ń dúró ti fíríìjì nínú ìpolówó ọjà. Ogójì ọdún péré! Nígbà tó wá wọn kàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. Ìgbàgbé báyìí ló ń dùn mí, torí àyè tó ṣófo sílẹ̀ ni àlàyé lẹ́tà mẹ́jọ wọ̀ sí.

Ayárabíàṣá ńkọ́? Orúkọ tó wuyì ni, mo sì ń lò ó. Àṣá á já wálẹ̀, á gbé òròmọdìẹ, ìyá adìẹ ò ní tíì gbójú sókè: ohun tí ẹni tó sọ ọ́ rí nìyẹn, ó sì yẹ ẹ̀rọ tó sọ wákàtí 30 di ìdajì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n oríkì ni. Ìwà ẹ̀rọ ló ń kì, kò sọ ìran tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn Ṣáínà tó ń pè é ní ọpọlọ oníná, àti ti àwọn ará Iceland tó so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ obìnrin aríran. Bí ẹ bá ń wá ìtumọ̀ “computer” gan-an, “oníṣirò” ni.

Ẹ má sì rò pé àwọn oníṣirò kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé. Ní 1962, kí John Glenn, ará Amẹ́ríkà, tó gbéra láti yí ayé po lójú òfuurufú, ẹ̀rọ ti ṣírò ọ̀nà rẹ̀ tán. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe Katherine Johnson, tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Langley, ibùdó ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní 1953 gẹ́gẹ́ bí “computer”, kí obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣírò. Tó bá ti lè ní ó pé, òun ti ṣe tán. Ó ṣe é, ó gbà á ju ọjọ́ kan lọ, èsì bá ara mu, Glenn sì lọ.

Kí ọmọ yín kọ “oníṣirò” sínú ìwé rẹ̀. Tí wọ́n bá fagi lé e, ẹ ní kí olùkọ́ sọ ohun tí C inú ENIAC dúró fún.